Ọmọ Ajá Tuntun Tí Ń Jẹ Ìgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí oúnjẹ. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe pa á tì o, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ wa ni.

Ní Ayébọ̀dé-Èkìtì níhìn-ín, àti ní gbogbo agbègbè Ìkọ̀lé, ajá kò ṣọ̀wọ́n. Ọdẹ ń sìn ín, àgbẹ̀ ń sìn ín kí ó máa lé ọ̀yà lóko, onílé ń sìn ín kí ó máa ṣọ́ ilé lóru. Nígbà tí a bá mú ọmọ ajá wálé, inú gbogbo ará ilé a dùn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹnìkan á kígbe láti ẹ̀hìnkùlé pé: "Ẹ wá wo ajá yìí, ó tún ń jẹ ìgbẹ́!" Àwọn kan a rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn a fa igi yọ. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn a ní iṣẹ́ ajá náà nìyẹn. Èmi náà wà lára àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rín náà di ẹkún nínú ilé mi.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀hìntì. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ní bí a ti ń fọ ọwọ́ àti bí a ti ń tọ́jú omi mímu. Nítorí náà ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá fẹsẹ̀ kọ tí kò sọ ibi tí òkúta wà, àwọn ọmọdé tí ń bọ̀ lẹ́hìn á fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀ náà.

Ọdẹ kan ní àdúgbò wa fún mi ní ọmọ ajá kan, akọ, aláwọ̀ pupa tí àyà rẹ̀ funfun. Mo sọ ọ́ ní Ẹ̀hìnlàárò. Ní àkókò náà, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjì, wà lọ́dọ̀ mi. Bí ọmọ náà bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí àgbàlá, ọmọbìnrin tí ń ràn mí lọ́wọ́ a pe ajá: "Ẹ̀hìnlàárò, gbà! Gbà!" Ajá a sáré dé, a sì palẹ̀ rẹ̀ mọ́ féfé. Mo máa ń gbọ́ láti inú ilé, n kò sì sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fún àwọn àbúrò mi. Bí ajá bá sì jẹ ẹ́ tán, a padà sọ́dọ̀ ọmọ, a fi ahọ́n lá a ní ọwọ́ àti ní ẹnu, ọmọ a sì máa rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́.

Lẹ́hìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé ikùn ọmọ ń yọ síwájú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń di tín-ín-rín. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò hàn lára rẹ̀. Lóru a máa sunkún pé inú ń run òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aràn kan jáde láti ìdí rẹ̀, ó funfun, ó gùn ju bírò ìkọ̀wé lọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n bá ẹyin aràn rẹpẹtẹ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá. A dúpẹ́, a padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kẹrin lẹ́hìn náà, aràn tún ti kún inú ọmọ.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan ajá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ajá, ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó sì gbé ojú sókè. Ó ní: "Màmá, mo ti mọ̀ pé n ó rí ẹyin aràn ajá níhìn-ín, mo sì rí i. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn ènìyàn tún wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìgbẹ́ ta ni ajá yín ń jẹ?"

Èmi tí mo ti ń kọ́ ènìyàn láti ọgbọ̀n ọdún, n kò rí ohùn fi dá a lóhùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣàlàyé fún mi. Ẹyin aràn ènìyàn kì í kú nínú ikùn ajá. Ṣe ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, tí a sì tún bá ìgbẹ́ ajá jáde láàyè. A rò pé ajá ń palẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ mọ́ fún wa. Kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́ rárá! Ó ń kó o láti ojú kan ni, ó sì ń pín in yí ká gbogbo àgbàlá. Ilẹ̀ àgbàlá yẹn ni ọmọ ń jókòó sí ṣeré, ibẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ wa, ọwọ́ kan náà ni ó sì ń ti bọ ẹnu. Oògùn ilé ìwòsàn kò ní ẹ̀bi. Àwa ni a ń dá aràn padà fún ọmọ.

KÍ NÍ Ń MÚ ỌMỌ AJÁ JẸ ÌGBẸ́?

Ẹ má rò pé ajá ìbílẹ̀ wa nìkan ni ó ní ìwà yìí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù, ẹ̀rín pa á. Ó ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọ ajá kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní corgi, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, elétí ṣóńṣó, àti pé ìwà kan náà ni ó ń hù. Irú ajá yìí ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fẹ́ràn jù, láti ọdún 1944 tí wọ́n fún un ní èyí tí ń jẹ́ Susan fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìdínlógún. Ajá ààfin àti ajá ẹ̀hìnkùlé, ọ̀kan náà ni wọ́n níbi ká jẹ ìgbẹ́.

Ní ọdún 2018, Benjamin Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé nínú ajá 100, nǹkan bí 16 ni ó ń jẹ ìgbẹ́ ajá léraléra, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n sì ń jẹ jù. Èrò wọn ni pé àwọn ìkookò tí í ṣe baba ńlá ajá ni ìwà náà ti wá: wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ tí ó bá bọ́ sí ẹ̀bá ibùgbé wọn kí ẹyin aràn inú rẹ̀ tó gbó. Nítorí náà kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe pé ajá náà ya òmùgọ̀.

Àwọn ohun mìíràn tí ó ń fa ìwà náà nìwọ̀nyí:

Èkínní, ìyá ajá a máa fi ahọ́n lá ìdí àwọn ọmọ rẹ̀, a sì máa jẹ ìgbẹ́ wọn kí ibi tí wọ́n ń sùn lè mọ́. Èyí kò burú fún abiyamọ ajá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wò ó.

Èkejì ni ebi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fún ajá ní ìgbángbẹ́ iyán lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, a sì ń retí pé kí ó dàgbà. Ọmọ ajá tí ebi ń pa kò ní yan oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta ni aràn. Aràn a máa bá ọmọ ajá jẹ oúnjẹ rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó jẹun tó, ebi kò ní kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àìríṣẹ́-ṣe. Ọmọ ajá tí a so mọ́ igi láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí kò rí ẹni bá ṣeré, á fi ohun tí ó bá wà ní iwájú rẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀karùn-ún ni ìbẹ̀rù. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí ajá bá ṣu sínú ilé, wọn a di ọrùn rẹ̀ mú, wọn a ti imú rẹ̀ bọ ìgbẹ́ náà, wọn a sì nà án. Ẹ̀kọ́ tí ajá ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí olúwa òun bá rí ìgbẹ́, ìyà dé. Nígbà mìíràn, á yára jẹ ẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹ ò rí i pé ẹgba wa ni ó kọ́ ọ?

BÍ A TI Ń GBA ỌMỌ AJÁ TUNTUN SÍLÉ

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni iṣẹ́ wà.

Ẹ má gba ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ẹ bá ń mú un bọ̀, ẹ bẹ ẹni tí ó ni í kí ó fún yín ní àkísà tí ìyá rẹ̀ ti sùn lé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páálí tàbí apẹ̀rẹ̀, ní ibi tí òjò àti afẹ́fẹ́ kò ti lè bá a. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, á sunkún. Ẹ má nà án. Òórùn ìyá rẹ̀ lára àkísà náà á tù ú nínú, bí ẹ bá sì gbé ibùsùn rẹ̀ sí ìtòsí ibi tí ẹ̀ ń sùn, ẹkún rẹ̀ á dín kù.

Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Títí di oṣù 3, ẹ fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà 4 lóòjọ́. Láti oṣù 3 sí 6, ìgbà 3. Lẹ́hìn náà, ìgbà 2 tó. Kì í ṣe iyán tàbí ẹ̀kọ nìkan ni yóò máa jẹ o. Ẹ fi ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa tí kò ní ata sí i, ẹ fi ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, tàbí ẹyin sísè. Ẹ má fún un ní eegun adìyẹ tí a ti sè, nítorí a máa ṣẹ́ ṣóńṣó, a sì lè gún ìfun. Ẹ má fi àlùbọ́sà sínú oúnjẹ rẹ̀. Kí omi mímọ́ wà nítòsí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ kòkó ní láti ṣọ́ra fún ohun kan sí i. Èròjà kan wà nínú kòkó tí wọ́n ń pè ní theobromine. Ó máa ń mú ọkàn ajá sáré, a sì lè fa gìrì, a sì lè pa á. Ó wà nínú hóró kòkó gbígbẹ, ó sì wà nínú èèpo ara hóró náà pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá sá kòkó, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ajá tí ń jẹ ohun gbogbo sùn sí ẹ̀bá rẹ̀.

Lẹ́hìn èyí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni aràn ti wà lára wọn láti inú ìyá wọn. Àwọn mìíràn mu ún nínú ọmú. Láti ọ̀sẹ̀ 2 tí a bí ọmọ ajá ni a ti ń fún un ní oògùn aràn, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́hìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6, lẹ́hìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi oògùn aràn àwọn ọmọ yín dá iye lé e lórí fúnra yín. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà á fi mọ iye tí yóò lò.

Nígbà tí ọmọ ajá bá tó oṣù 3, ó tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ti ní kí ẹ ṣe. Ẹ má fi èyí ṣeré. Bí ajá tí a kò mọ̀ bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá fi lè hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é mọ́.

BÍ A TI Ń MÚ UN KÚRÒ NÍDÌÍ ÌGBẸ́

Oògùn tí ó jù lọ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín: ẹ má jẹ́ kí ó rí ìgbẹ́ jẹ. Bí ọmọ ajá bá jí, bí ó bá jẹun tán, bí ó bá ṣeré tán, ẹ fi okùn mú un lọ sí ojú kan náà ní ẹ̀hìnkùlé. Bí ó bá ṣu síbẹ̀, ẹ yìn ín, ẹ pè é sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fún un ní ẹja gbígbẹ bíńtín. Bí ó bá ti ń jẹ ẹja lọ́wọ́, ẹ fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ náà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga àti sí ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Ẹ ṣe é lójoojúmọ́. Ìdí rẹ̀ rèé: ẹyin aràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ran ènìyàn. Ó ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kí ó tó gbó. Ẹni tí ó bá kó o lónìí ti ṣẹ́gun rẹ̀ kí ogun tó dé.

Bí ẹ bá bá a níbi tí ó ti ń jẹ ẹ́, ẹ má pariwo, ẹ má sì lé e káàkiri. Yóò rò pé eré ni, tàbí kí ó yára gbé e mì. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, ẹ fi ohun tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn án. Àwọn kan ń bu ata sí ìgbẹ́, àwọn kan sì ń ra oògùn tí wọ́n ní yóò mú un korò lẹ́nu ajá. Ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi owó yín ra ẹja fún un.

Bí ajá tí ó ti dàgbà, tí kò jẹ ìgbẹ́ rí, bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó bá ń rù, tí ó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, tí ó ń bì, àìsàn ni. Ẹ má dúró nílé.

ÌGBẸ́ TI ÀWA FÚNRA WA

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi jù lọ. Ajá kò lè jẹ ìgbẹ́ ọmọ tí ó wà nínú ṣáláńgá. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún un ni ó ń jẹ. Ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí ó bá fi di ọdún 2025. Ọdún 2025 ti dé, ó ti kọjá, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ó wà lẹ́hìn ilé yín àti lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ìjọba kò lè wá bá wa ra póò ọmọdé.

Àwọn ìyá mìíràn á ní ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kò ní àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Ajá tí ó jẹ ẹ́ tán, tí ó wá lá ọmọ ní ẹnu, ti gbé e fún ọmọ tààrà.

Ìgbẹ́ ajá náà ní ewu tirẹ̀. Aràn ajá kan wà tí ó jẹ́ pé bí ọmọdé bá gbé ẹyin rẹ̀ mì pẹ̀lú erùpẹ̀, yóò máa rìn káàkiri nínú ẹran ara rẹ̀. Ó lè dé ẹ̀dọ̀, ó lè dé ojú, a sì lè ba ojú náà jẹ́. Òmíràn ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tí kò wọ bàtà, a sì máa fa ẹ̀yún tí ń rìn bí ìlà lábẹ́ awọ. Ẹ wọ bàtà fún àwọn ọmọ, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jẹun, àti bí wọ́n bá bá ajá ṣeré tán.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ILÉ MI TI PARÍ

Nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ọ̀kan nínú wọn ní kí n ta ajá náà fún àwọn tí ń pa á. Ó ní: "Màmá, ajá tí ó fẹ́ pa ọmọ, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní kì í ṣe ajá ni ó fẹ́ pa ọmọ. Ajá kò pe ara rẹ̀ wá sídìí ìgbẹ́. Àwa ni a ń pè é.

Mo ra póò fún ọmọ ọmọ mi. Bí ó bá ti lò ó tán, a ó dà á sínú ṣáláńgá, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì fọ ọwọ́. Gbogbo ará ilé lo oògùn aràn ní ọjọ́ kan náà, ajá sì lo tirẹ̀. Mo pa ìgbà 2 tí mo ń fún ajá ní oúnjẹ dà sí ìgbà 3. Ọmọbìnrin tí ń ràn mí lọ́wọ́ ni mo gbé ṣọ́bìrì lé lọ́wọ́ láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ yọ imú sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó di òun gan-an ni ó ń bá àwọn ará àdúgbò wí.

N kò ní purọ́ fún yín pé Ẹ̀hìnlàárò yí padà ní ọjọ́ kan. Ó gba bí oṣù mẹ́ta. Títí di òní, bí a bá gbàgbé, yóò tún yọ́ lọ wo ẹ̀hìnkùlé, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ mi ti sanra, ikùn rẹ̀ ti padà sí ààyè rẹ̀, ó sì ti ń lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ó bá dé ní ọ̀sán, ajá á lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì fẹ́ lá a ní ojú. Ọmọ náà a gbé ọwọ́ sókè, a sì kígbe bí mo ti kọ́ ọ: "Ó tó! Ọwọ́ nìkan!" Lẹ́hìn náà wọn á jọ wọlé, ọmọ á sì lọ fọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀hìnkùlé yín wò. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.